Ìjọba Kì í Jẹ Iṣu

Iṣu ni wọ́n fẹ́ fi ra etí òsì mi. Ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ sọ ìyẹn ná kí n tó sọ ìyókù, torí títí di òní, bí mo bá rí iṣu tí wọ́n tò sẹ́bàá ọ̀nà ní Ọyẹ́, inú á kọ́kọ́ bí mi kí n tó rántí pé iṣu ò ṣe mí ní nǹkan kan.

Tíṣà ni mí. Kíláàsì kẹrin ni mò ń kọ́ ní ilé ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀, àwọn ọmọ mi sì ti mọ̀ pé ẹni tó bá fẹ́ bá mi sọ̀rọ̀, ọwọ́ ọ̀tún ni kó gbà wá. Ẹni tó bá gba òsì, yóò sọ̀rọ̀ títí tí yóò fi rẹ̀ ẹ́, n kò ní dá a lóhùn. Ọ̀kan nínú wọn bi mí lọ́jọ́ kan pé, "Anti, ṣé ẹ ń bá ọwọ́ òsì jà ni?" Ẹ̀rín pa mí. Mo ní mò ń jà lóòótọ́, ṣùgbọ́n kì í ṣe ọwọ́ òsì ni mò ń bá jà.

Ọkọ mi ló fọ́ etí náà. Ọ̀sán gangan ni, lọ́jọ́ Sátidé, oòrùn ń ràn, àwọn aládùúgbò ń sá aṣọ. A lọ ṣe ìpàdé olùkọ́, tíṣà àgbà kan ní ilé ẹ̀kọ́ wa sì fi ọ̀kadà rẹ̀ gbé mi wálé. Bàbá yẹn dàgbà tó ẹni tó lè bí mi. Bí ọ̀kadà ṣe yí padà báyìí ni mo dé ẹnu ọ̀nà, mo rí ọkọ mi tó dúró, mo ní, "Ẹ kúulé o." Ìgbájú ló fi dá mi lóhùn. Nǹkan kan ya nínú orí mi bí ìgbà tí èèyàn ń ya aṣọ, ariwo kan wá ń hó níbẹ̀, lẹ́yìn náà ó dákẹ́. Láti ìgbà náà ló ti dákẹ́.

Kì í ṣe ìgbà àkọ́kọ́, n kò ní tàn yín. Ìgbà àkọ́kọ́, ètè mi ló bẹ́. Mo sá lọ sílé bàbá mi ní Ìfisìn, ìyá mi sì ń fi òrí pa ojú egbò náà fún mi láràárọ̀, ó kàn ń mí kanlẹ̀. Kò pẹ́ tí àwọn ará ilé ọkọ mi fi dé. Ẹ̀gbọ́n ọkọ mi àgbà ló ṣíwájú wọn, ọkùnrin gíga kan tó máa ń sọ̀rọ̀ bí ẹni pé gbogbo ilé náà tiẹ̀ ni. Wọ́n gbé iṣu àti epo sílẹ̀ ní ọ̀dẹ̀dẹ̀, wọ́n dọ̀bálẹ̀ gbalaja.

Lọ́dọ̀ tiwa, iṣu ẹ̀bẹ̀ kì í ṣe iṣu lásán. Bí o bá gbé e wọlé tí o gún un, tí o sì jẹ ẹ́, o ti gba ẹ̀bẹ̀ nìyẹn. Ọ̀rọ̀ ti parí, ẹnikẹ́ni kò gbọ́dọ̀ hú u jáde mọ́. Bí o kò bá fẹ́ gbà, ìta ni wàá fi í sí, àwọn tó gbé e wá ni yóò wá kó o. Bàbá mi gbé e wọlé. Wọ́n gún un. Nígbà tí ilẹ̀ ọjọ́ kejì fi máa ṣú, mo ti padà sí Ọyẹ́. "Ilé ọkọ, ilé ẹ̀kọ́," ni bàbá mi wí fún mi nígbà tí mò ń gun mọ́tò. Ẹ̀kọ́ wo? Èmi tí mo ń kọ́ ọmọ ọlọ́mọ, kí ló kù tí wọ́n fẹ́ fi ìgbájú kọ́ mi? Bàbá mi ti lọ sọ́run, Ọlọ́run á tẹ́ ẹ sáfẹ́fẹ́ rere, n kì í bá òkú jà. Ṣùgbọ́n láti ọjọ́ náà ni ọkọ mi ti mọ̀ pé kò sí ohun tó fi mí ṣe tí iṣu ò lè parí rẹ̀.

Nítorí náà, nígbà tí etí yìí fọ́, ohun kan ṣoṣo ló wà lọ́kàn mi. Mo mọ̀ pé bí ilé wa bá tún fi lè jẹ iṣu mìíràn lórí ọ̀rọ̀ mi, inú ilé yẹn ni wọ́n á tún dá mi padà sí, n kò sì rò pé ẹsẹ̀ mi ni n ó fi jáde níbẹ̀ mọ́.

Tíṣà àgbà tí mo sọ yẹn kò tíì kọjá ìkóríta tó fi gbọ́ igbe mi. Ó yí ọ̀kadà padà. Ọkọ mi rí i, ó wọlé, ó ti ilẹ̀kùn: akin lójú obìnrin nìkan! Bàbá náà wo ẹ̀jẹ̀ tó ń jáde létí mi, kò bi mí ní ìbéèrè kankan. Ó ní, "Gùn ún. Ìkọ̀lé là ń lọ." Ọ̀kadà tí wọ́n torí rẹ̀ gbá mi létí ni mo tún gùn lọ.

Mo ti ń gbọ́ lórí rédíò pé ìjọba ṣí ibì kan síbẹ̀ fún àwọn obìnrin tí ọkọ ń lù, mo rò pé ọ̀rọ̀ ẹnu ìjọba ni. Ilé kékeré kan ni, lẹ́yìn ilé ìwòsàn, wọ́n ta aṣọ aláwọ̀ ewé sí fèrèsé rẹ̀. Wọ́n mọ̀ọ́mọ̀ ṣàìfi pátákó síwájú rẹ̀ ni, kí ẹni tó bá ń wọlé lè dà bí ẹni tó ń lọ gba oògùn ibà. Gbogbo ohun tí mo mọ̀ nípa ọ́fíìsì ìjọba ni pé wọ́n á ní kí o lọ ra káàdì, kí o lọ ra ìbọ̀wọ́, kí o padà wá lọ́la torí pé ẹni tó ni kọ́kọ́rọ́ ò sí nílé. Mo ti múra ìjà sílẹ̀ dè wọ́n. Mo wọlé, mo bá obìnrin tẹ́ẹ́rẹ́ kan tó wọ gíláàsì, gèlè rẹ̀ wọ́, ó ń jẹ ẹ̀pà. Ó dìde kíá, ó gbọn èèpo ẹ̀pà nù lára, ó ní, "Ẹ pẹ̀lẹ́, Anti. Ẹ jókòó. Ṣé kí n ti ilẹ̀kùn, àbí ẹ fẹ́ kó ṣí sílẹ̀?"

Mo ní kó tì í. Dókítà dé, ó ní, "Ṣé mo lè fọwọ́ kan etí yín?" Nọ́ọ̀sì dé, ó ní, "Ṣé ẹ gbà kí n ya fọ́tò ojú yín? Bí ẹ ò bá fẹ́, kò sí ìjà." Nígbà tí ó di ẹ̀ẹ̀kẹta tí ẹnìkan ń bi mí pé ṣé mo gbà, ẹkún gbé mi. Háà! Èmi tí n kì í sunkún níta! Láti ìgbà tí mo ti wọ ilé ọkọ, ta ló bi mí pé ṣé mo gbà? Bàbá mi bi mí kí ó tó gún iṣu? Mo sunkún tán, inú wá bí mi pé mo sunkún, mo wá ń kanra mọ́ nọ́ọ̀sì tí kò ṣẹ̀ mí. Ó kàn fún mi lómi.

Obìnrin ẹlẹ́pà yẹn ni mo wá ń pè ní Anti Ẹlẹ́pà lọ́kàn mi, torí kò sí ọjọ́ tí mo dé ibẹ̀ tí ẹ̀pà ò sí nínú dúrọ́ọ̀ tábìlì rẹ̀. Òun ló bi mí pé, "Kí lẹ fẹ́ ká ṣe?" Mo ní mo fẹ́ kí ọkọ mi lọ dúró níwájú adájọ́. Kò ní kí n ní sùúrù. Ó là á yé mi: dókítà yóò kọ ohun tó rí, ọlọ́pàá obìnrin yóò wá gba ọ̀rọ̀ lẹ́nu mi níbẹ̀ gan-an, lọ́yà ìjọba yóò dúró fún mi, n kò ní san nǹkan kan. Ibi tí n ó máa sùn náà wà, wọn kì í sì í sọ ibẹ̀ fún ẹnikẹ́ni. Ibẹ̀ ni mo lọ. Àwọn obìnrin míì wà níbẹ̀, a jọ ń dáná, mo sì ń kọ́ àwọn ọmọ wọn ní ìṣirò, torí n kò lè jókòó lásán.

Anti Ẹlẹ́pà máa ń pè mí sí ọ́fíìsì lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀ ká jọ sọ̀rọ̀. Mo bá a jà dáadáa. Ó ní kí n fara balẹ̀ mí, kí n máa fọkàn bá èémí mi lọ. Mo ní, "Ẹ wò ó, mo ti ń mí kí wọ́n tó bí yín." Ó rẹ́rìn-ín, ó na ẹ̀pà sí mi. Nígbà tó yá, mo ń mí gẹ́gẹ́ bó ṣe wí. Mo kàn ò jẹ́ kó mọ̀ ni.

Ibẹ̀ ni mo wà tí iṣu fi dé Ìfisìn.

Ìyá mi kò sí nílé lọ́jọ́ náà, ó wà níbi tí wọ́n ti ń fún epo. Ìyàwó àbúrò mi nìkan ló wà nílé. Ọ̀nà jíjìn la ti fẹ́ ẹ wá, kò tíì pẹ́ lọ́dọ̀ wa, ọmọ tó yá mọ́ni ni. Ó rí ẹ̀gbọ́n ọkọ mi àti àwọn èèyàn rẹ̀, ó rí iṣu, ó rí epo. Ó kúnlẹ̀, ó ní, "Ẹ ṣé o, àwọn àna wa! Olúwa á fi kún un fún yín!" Ó bu omi fún wọn. Ó gbé iṣu wọlé. Ta ló sọ fún un? Nílé tiwọn, bí àna bá gbé iṣu wá, àna gbé iṣu wá náà ni. Ẹ̀gbọ́n ọkọ mi rí i pé kò mọ̀, kò sì là á yé e. Ìyẹn ló ń dùn mí jù títí di òní.

Nígbà tí ìyá mi ti ibi epo dé, ebi ti ń pa á gan-an, iyán ti wà nílẹ̀. Ó jókòó, ó bù ú. Ìyá mi mọ iṣu oko rẹ̀ lẹ́nu bí ó ṣe mọ ohùn ọmọ rẹ̀. Ó gbé òkèlè mì, ó gbé òmíràn, ó wá dá ọwọ́ dúró nínú ọbẹ̀. Ó ní, "Uṣu kí rèé? Kì í ṣe uṣu oko wa." Ìyàwó àbúrò mi ní, "Màmá, àwọn àna yín láti Ọyẹ́ ló gbé e wá." Ìyá mi dìde, ó lọ sí ẹ̀yìnkùlé, ó fi ìka sí ọ̀nà ọ̀fun, ó ń gbìyànjú kó bì í. Kò jáde. Ọmọ náà fi ẹkún pè mí lórí fóònù, ó ní, "Ẹ̀gbọ́n mi, wọ́n ní mo ti pa yín." Mo ní kó má sunkún, pé kì í ṣe òun. Ṣùgbọ́n nígbà tí mo pa fóònù, ilẹ̀ ni mo jókòó sí.

Kò tó ọ̀sẹ̀ kan tí ẹ̀gbọ́n ọkọ mi fi wá sí ọ́fíìsì Anti Ẹlẹ́pà. Mo wà nínú yàrá kejì, aṣọ ìkélé nìkan ló là wá láàárín. Anti ti yọjú sí mi, ó ti bi mí bóyá mo fẹ́ rí i. Mo ní rárá. Mo wá gbé etí ọ̀tún mi sára aṣọ.

"Ọmọ mi," ni ó wí fún Anti, "ẹ kú iṣẹ́ ìlú. A wá gba ìwé ẹjọ́ yìí padà ni. A ti yanjú ọ̀rọ̀ nílé. A gbé iṣu lọ, wọ́n ti jẹ ẹ́. Ọ̀rọ̀ kì í tóbi ká fi ọ̀bẹ bù ú."

Anti ní, "Bàbá, ẹ kú ìrìn. Ta ni wọ́n gbá létí, ìyá ni àbí ọmọ?"

"Ọmọ ni, ṣùgbọ́n..."

"Ṣé ọmọ jẹ nínú iṣu náà?"

"Ẹ̀yin lẹ gbé e pamọ́, báwo ni yóò ṣe jẹ ẹ́? Ìyá rẹ̀ ti jẹ ẹ́. Ẹ máa bi àwọn àgbà léèrè, ọmọ mi, àṣà wa nìyẹn."

"Ọmọ Ìkọ̀lé ni mí, Bàbá. Mo mọ iṣu ẹ̀bẹ̀. Wọ́n ti gbé e wá sílé bàbá mi nítorí ẹ̀gbọ́n mi obìnrin rí, wọ́n sì jẹ ẹ́." Mo gbọ́ tó ti dúrọ́ọ̀ rẹ̀ pa. "Ẹjọ́ yìí ti kúrò lọ́wọ́ ìyá. Ìjọba ló ń pe àbúrò yín lẹ́jọ́ báyìí. Ìjọba kì í jẹ iṣu, Bàbá. Kò léyín."

Ẹ̀rín fẹ́ẹ̀ pa mí níbi tí mo wà. Ẹ̀gbọ́n ọkọ mi bẹ̀rẹ̀ sí í pariwo, ó ní a kì í ti kóòtù bọ̀ ká ṣọ̀rẹ́, ó ní ọmọ tí kò tíì bímọ, ta ni yóò fẹ́ ẹ lẹ́yìn èyí. Ó yẹ kí n jókòó jẹ́ẹ́ mi. N kò mọ ìgbà tí mo ti aṣọ náà sápá kan. Orúnkún mi ti ń tẹ̀ láti kí i, àṣà burúkú, mo yáa nà án padà.

Mo ní, "Bọ̀ọ̀dá, ẹ káàsán. Òótọ́ lẹ sọ, a kì í ti kóòtù bọ̀ ká ṣọ̀rẹ́. Ta ló fẹ́ bá yín ṣọ̀rẹ́? Ẹ bá mi kí àbúrò yín. Ẹ sọ fún un pé n kò jẹ iṣu."

Ó wò mí bí ẹni tó rí àjèjì. Ó kó agbádá rẹ̀, ó jáde. Anti da ẹ̀pà sí mi lọ́wọ́.

Ṣùgbọ́n kì í ṣe ẹ̀gbọ́n ọkọ mi ni ẹ̀rù rẹ̀ ń bà mí. Ìyá mi ni. Lọ́yà ti sọ fún mi pé òun fẹ́ kí ìyá mi jẹ́rìí sí ètè tó bẹ́ nígbà àkọ́kọ́ àti àwọn ojú wíwú tó rí lẹ́yìn náà. Ìyá mi sì ni ẹni tó ti jẹ iṣu. Ẹni tó bá jẹ iṣu ẹ̀bẹ̀ tó tún ń jà, ojú burúkú ni wọ́n fi ń wò ó lọ́dọ̀ wa. Àgbà ni ìyá mi nínú ẹgbẹ́ ìyá ní ṣọ́ọ̀ṣì, wọ́n máa ń ní kí ó wá bá àwọn parí ìjà. Ẹ̀gbọ́n ọkọ mi sì ti rí i dájú pé gbogbo Ìfisìn gbọ́. Mo pe ìyá mi, kò gbé e. Mo tún pè é, kò gbé e. Àbúrò mi ní láràárọ̀ ló ń lọ sóko, bó bá dé, á wẹ̀, á jókòó, kò ní bá ẹnikẹ́ni sọ̀rọ̀. Mo ní lọ́kàn mi pé ó ti tán nìyẹn. Ó ti gbà fún wọn. Mo bínú sí i, mo tún káàánú rẹ̀, mo wá sọ fún lọ́yà pé a ó lọ bẹ́ẹ̀ náà, bó bá ku èmi nìkan àti ìwé dókítà, a ó lọ.

Ọkọ̀ ìjọba ló gbé wa lọ sí kóòtù lọ́jọ́ náà. Àwọn ará ilé ọkọ mi ti kún ọ̀dẹ̀dẹ̀ pẹ̀lú léèsì, bí ẹni tó wá ṣe ìkómọ. Ọkọ mi dúró láàárín wọn, kò wò mí. Ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ń bá àwọn tó dúró nítòsí sọ pé kò sí ẹjọ́ kankan níbí, pé ìyá ìyàwó ti jẹ iṣu.

Takisí kan wọlé. Àbúrò mi kọ́kọ́ bọ́ sílẹ̀, ó ṣí búùtù. Ìyá mi bọ́ sílẹ̀ tẹ̀ lé e, ó wọ aṣọ ẹgbẹ́ ìyá. Àbúrò mi fẹ́ bá a gbé ẹrù, ó gbá a lọ́wọ́ kúrò. Òun fúnra rẹ̀ di òṣùká, ó ru iṣu tó kó wá, obìnrin tó ti ń lọ sí àádọ́rin ọdún, ọrùn rẹ̀ kò yẹ̀. Ó gba iwájú mi kọjá láìyà. Ọ̀dọ̀ wọn ló lọ. Ó sọ iṣu kalẹ̀ síwájú ẹ̀gbọ́n ọkọ mi, ó gba kẹ́ẹ̀gì epo lọ́wọ́ àbúrò mi, ó gbé e tì í, ó kúnlẹ̀, ó kí wọn dáadáa bó ṣe yẹ kéèyàn kí àna.

Ó ní, "Ẹ káàárọ̀, àna mi. Mo jẹ uṣu yín. N kò mọ̀, ṣùgbọ́n ẹnu mi yìí ni mo fi jẹ ẹ́. Èyí tó kù nínú tiyín rèé. Àwọn tá a ti gún, mo wa tuntun nínú oko mi fi rọ́pò wọn, ẹ wò ó, ó tóbi ju tiyín lọ. Epo yín rèé, n kò tọ́ ọ wò." Ó dìde, ó gbọn eruku nù lórúnkún. "Mo ti dá tiyín padà. Ó wá ku tèmi. Ẹ gbé etí ọmọ mi wá."

Ẹ̀gbọ́n ọkọ mi sún sẹ́yìn kúrò nídìí iṣu. Ìyá mi na àtẹ́lẹwọ́ méjèèjì sí i, ó dúró, ó ń retí.

"Ẹ gbé e wá kẹ̀," ni ó wí. "Ẹ̀yin lẹ sọ pé ọ̀rọ̀ ti tán nílé."

Àwọn tó wà ní ọ̀dẹ̀dẹ̀ ń wo iṣu, wọ́n ń wo ilẹ̀. Anti Ẹlẹ́pà yọ gíláàsì rẹ̀, ó ń nù ún lójú ibi tó ti mọ́ tẹ́lẹ̀.

Mo sáré lọ dì mọ́ ìyá mi. Mo ní, "Màmá, ẹ ò gbé fóònù!" Ó ní, "Kí ni n bá sọ? Ẹnu tí mo fi jẹ uṣu wọn kò tíì mọ́. Uṣu tuntun ò tíì ta, mo ń lọ wò ó láràárọ̀ ni." Ohun tó ń ṣe lóko nìyẹn, gbogbo ọjọ́ tí mo fi ń bínú sí i.

Ẹjọ́ náà pẹ́, wọ́n sún un síwájú títí ó fi sú mi, ṣùgbọ́n adájọ́ dá ọkọ mi lẹ́bi, ó sì lọ sẹ́wọ̀n. Etí kò padà wá. Ilé kékeré kan ni mo ń gbé báyìí, èmi nìkan, ẹnu ọ̀nà tèmi ni mò ń bá nígbà tí mo bá ti ilé ẹ̀kọ́ dé.

Láàárọ̀ ọjọ́ tí ìyá mi dá iṣu padà yẹn, nígbà tí wọ́n pè wá wọlé, àyè wà lápá òsì mi lórí bẹ́ǹṣì. Ìyá mi wò ó, ó fò ó kọjá, ó ní kí lọ́yà sún. Ó jókòó sápá ọ̀tún mi, ó fi ẹnu sún mọ́ etí mi, ó ní, "Ọmọ mi, ṣé o gbà kí n jẹ́rìí?"

Mo ní mo gbà.